Wọ́n Pààrọ̀ Àpọ́nlé

Nígbà tí òmìnira kù dẹ̀dẹ̀, ilé Alájì Rùfáì l'Ọ́tà ni gbogbo àdúgbò ti ń wo eré tẹlifíṣọ̀n. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n fi obìnrin mìíràn rọ́pò èyí tó ń ṣe Àpọ́nlé, ìyàwó inú eré. Ariwo gba ilé kan: "A ò fẹ́ eléyìí!"

Fàsílátù kò pariwo. Obìnrin àkọ́kọ́ yẹn ló jọ Àdìzát, ọmọ ẹ̀ tó kú, délẹ̀délẹ̀. Òbí kì í wo sàárè ọmọ, kò sì ní fọ́tò ẹ̀ kankan. Inú àpótí tẹlifíṣọ̀n yìí nìkan ló ti ń rí i.

Ó dìde, ó dì mọ́ tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ bá mi dá a padà!"

"Eré ni, Ìyá Àdìzát," Alájì ń bẹ̀ ẹ́.

"Nígbà tí Àdìzát kú, ẹ ní àmúwá Ọlọ́run ni, mo gbà. Tèyí ńkọ́, àmúwá ta ni?"