Ẹni Tó Ti Lẹ́tà Àna Rẹ̀ Mọ́lé

Bí ẹ ò bá tíì rí Kapembwa Sinkala, ẹ ò tíì rí agbéraga. Kí ló ń ṣe gan-an? Ẹ̀rọ tó ń yẹ ímeèlì wò kó tó wọlé ló ń bójú tó nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ta páǹpù ní Kitwe. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà: ojú ìwé aláwòrán téèyàn ń tẹ bọ́tìnì rẹ̀, àti ojú dúdú kan báyìí téèyàn ti ń tẹ àṣẹ lọ́rọ̀ lọ́rọ̀. Ojú dúdú ni Kapembwa fẹ́ràn. Bó bá ti rí Mutinta, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, nídìí bọ́tìnì, á ní, "O tún ti bẹ̀rẹ̀ eré ọmọdé."

Òun ló pàṣẹ pé lẹ́tà tó bá jẹ́ kìkì fọ́tò, kí ẹ̀rọ tì í mọ́lé, torí bẹ́ẹ̀ làwọn oníjìbìtì ṣe ń kọ tiwọn. Ó dáa náà. Àmọ́ bàbá Namukolo, ọmọge tó fẹ́ fẹ́, jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ní Mongu. Gègé ni bàbá fi ń kọ̀wé, á wá ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Namukolo pè é. "Bàbá kọ̀wé sí ẹ, o ò fèsì! Wọ́n ní bó bá fi di aago méjìlá ọ̀sán Jímọ̀ tí o ò dáhùn ìwé àwọn, kó o gbàgbé mi."

"Ẹ̀rọ ló tì í mọ́lé. Ṣé ìyẹn náà lò ń pariwo sí?" Ó ṣí ojú dúdú, ó tẹ̀ ẹ́ wàràwàrà pé kí ẹ̀rọ dá bàbá sí, ó pa á dé. "Ní kí wọ́n tún un kọ."

Ó di Jímọ̀, aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú, Namukolo tún pè, ẹkún ló ń sun. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti kọ ọ́!"

Mutinta tó ń gbọ́ wọn gbé ife munkoyo tó ń mu sílẹ̀, ó ṣí ojú ìwé aláwòrán. "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ bàbá ò sí níbí o. Ṣé ẹ fọwọ́ sí àṣẹ yín kẹ́ ẹ tó pa á dé?"

Yéè! Lórí ojú dúdú, béèyàn ò bá tẹ ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí kẹ́yìn, gbogbo ohun tó tẹ̀ ti ṣòfò nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó máa rán an létí. Lọ́dọ̀ Mutinta, bọ́tìnì ńlá kan máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí òòrùn àṣálẹ́ títí wọ́n á fi tẹ̀ ẹ́. Mutinta kọ orúkọ bàbá, ó tẹ bọ́tìnì, ó sì tú lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀.

Èkíní ní kó dá ọjọ́ táwọn èèyàn rẹ̀ ń bọ̀. Èkejì ní ṣé ó yadi ni. Ẹ̀kẹta ní, "Kọ orúkọ òpònú tó ń ti lẹ́tà mi mọ́lé sí mi."

Kapembwa yíjú sí Mutinta.

"Ẹ má wulẹ̀ wò mí," ni Mutinta wí. "Mi ò sí ńbẹ̀."

Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Kapembwa tẹ̀ ẹ́ pé, "Bàbá, èmi ni. Ẹ dákun. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ làwọn èèyàn mi fẹ́ wá."

Fọ́tò kan wọlé lójú ẹsẹ̀. Gègé bàbá ni: "Mo ti mọ̀ pé ìwọ ni láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ mi ti sọ fún mi. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá o máa purọ́ ni. Ẹ máa bọ̀."

Kapembwa kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bú sẹ́kún níwájú Mutinta.