Dádì Onílé Tí Mo Pè Lẹ́jọ́

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ èmi àti onílé mi, mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún wọn níwájú kóòtù. Wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi. "Dìde. Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?" Lẹ́yìn náà la jọ wọlé lọ dúró níwájú adájọ́.

Ilé wọn wà ní Agége, lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan tí òórùn ṣúgà rẹ̀ máa ń jí wa kí ilẹ̀ tó mọ́. Yàrá kan àti pálọ̀ la gbà níbẹ̀. Ọ̀dọ́ oníròyìn ni mí nígbà náà, Ìkẹjà sì ni ọ̀fíìsì wa wà. Gbogbo ayálégbé ló ń pe onílé ní Dádì, tí a ń pe ìyàwó wọn ní Mọ́mì, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Mọ́mì ló wẹ àkọ́bí wa títí ìwọ́ rẹ̀ fi já. Bí mo bá pẹ́ níbi iṣẹ́, Dádì kì í ti géètì.

Nígbà tí oyún kejì dé, àyè kò gbà wá mọ́. A rí ilé kan nítòsí Ìkẹjà, àmọ́ owó rẹ̀ kò pé. Èyí tó kù wà lọ́wọ́ Dádì: owó kọ́ṣọ̀n tí a san nígbà tí a wọlé, tí wọ́n ní àwọn máa dá padà bí a kò bá ba ilé jẹ́. Àjẹ́ńtì ilé tuntun ti ń halẹ̀ pé òun máa gbé e fún ẹlòmíràn. Dádì ní ògiri ti sán, kò sówó. Mo bẹ̀bẹ̀, mo rán àgbà sí wọn, pàbó ló já sí.

Bàbá tí yàrá wọn kọjú sí tiwa kìlọ̀ fún mi pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti kọ ìròyìn ẹjọ́ ẹlòmíràn débi pé mo rò pé mo mọ kóòtù. Mo gbàgbé pé èmi tí mò ń kọ ọ́ kì í bá wọn délé lẹ́yìn ìdájọ́.

Ìyá aránṣọ tí a jọ ń gbé ni ẹlẹ́rìí mi. "Olúwa mi, ògiri yẹn ti sán kí wọ́n tó kó wọlé. Èmi ni mo fi kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì bò ó. Dádì, ẹ má bínú o, ẹ̀yin náà lẹ bá mi di àkàbà mú!"

Kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Dádì kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yíjú sí adájọ́, obìnrin kan tí kì í gbóhùn sókè. "Ọmọ mi nìyí. Ṣé ọmọ tó ń kúrò nílé bàbá rẹ̀ máa ń gba kọ́ṣọ̀n?"

"Bàbá," adájọ́ ní, "nígbà tí ọmọ yín ń wọlé, kí ló dé tí ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?"

Mo jàre. Akọ̀wé kóòtù ṣàlàyé fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé bí onílé kò bá san án láàárín àkókò tí adájọ́ dá, kí n padà wá. Béélìfù á lọ kó ẹrù inú pálọ̀ wọn, wọ́n á sì tà á. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń júwe ọ̀nà ọjà.

Béélìfù kò débẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni owó wọ àkáǹtì mi. Nígbà tí a kó dé ilé tuntun, mo pe Dádì láti dúpẹ́. Mọ́mì ló gbé fóònù. "Wọ́n ti sùn," ni wọ́n wí. Ọ̀sán gangan ni.

Ilé tí a wà báyìí dára, omi ń yọ dáadáa. N kò mọ ojú ẹni tó ni ín. Lọ́yà ló ń gbowó. Láìpẹ́ yìí, ọmọ wa kejì nawọ́ sí fọ́tò ìsọmọlórúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní ta ni bàbá tó gbé e dání yẹn. Mo ní Dádì wa ní Agége ni.

"Kí ló dé tí a kì í lọ kí wọn?"

Mo sọ fún un pé ọ̀nà jìn. Ọ̀nà ọ̀hún, mo lè fẹsẹ̀ rìn ín.