Ẹni Tó Pe Awabàálù ní Àjàní

Pápá bàálù wa kò ju koríko gbọọrọ kan lọ, láàárín Ọ̀rẹ̀ àti Òdígbó, igbó sì há a mọ́ lápá méjèèjì. Kò pẹ́ lẹ́yìn òmìnira tí ilé iṣẹ́ gẹdú kan gbà mí síbẹ̀ ní akọ̀wé. Iṣẹ́ mi kejì ni iná dídá: bí mo bá ti gbọ́ ìró bàálù, màá da koríko tútù lé iná, kí awabàálù lè fi èéfín mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Bàbá Ọmọ́yẹlé, olórí òṣìṣẹ́ pápá, ló kọ́ mi. Aládùúrà ni, kì í wọ bàtà.

“Mojí,” ni ó máa ń wí, “èéfín yẹn lojú awabàálù. Má fọ́ ọkùnrin náà lójú o.”

Bàálù ilé iṣẹ́ náà ti gbó. Táyà méjì ló ní níwájú, àti kékeré kan lábẹ́ ìrù. Ìdí rẹ̀ wúwo. Bí ó bá ń sáré lórí ilẹ̀ tí ìdí náà yà díẹ̀, awabàálù gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ padà kíá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdí á fẹ́ ṣíwájú orí.

Lọ́sàn-án gangan ọjọ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Adébáyọ̀, awabàálù wa, ń gbé e balẹ̀. Èéfín mi dúró ṣánṣán, ewé kan kò mì. Ó balẹ̀ jẹ́ẹ́, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, àfi bí ìdí rẹ̀ ṣe gbá sọ́tùn-ún. Bàálù yí po, apá rẹ̀ kan họ ilẹ̀, ó sì kọjú sí igbó bí ẹni tí wọ́n pè.

Ọ̀gá wa sáré dé. “Akọ̀wé, èéfín rẹ ló purọ́! Lọ kó ẹrù rẹ.”

“Ọ̀gá, afẹ́fẹ́ kankan ò fẹ́.”

“Ṣé ẹnu mi ni mo wá fi fẹ́ ẹ yí ni?”

Awabàálù sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán níwájú orí rẹ̀. “Ẹ fi í sílẹ̀, ẹjọ́ tèmi ni. Obìnrin kan pè mí látinú igbó, mo sì bojú wẹ̀yìn. Ó ní, ‘Àjàní!’”

“Nínú ariwo ẹ́ńjìnì yẹn? Ta ló ń jẹ́ Àjàní?” ni ọ̀gá bi í.

“Oríkì mi ni. Ìyá àgbà tó tọ́ mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ó ti kú tipẹ́.”

Bàbá Ọmọ́yẹlé sún mọ́ ọn. “Ṣé ẹ dá a lóhùn, sà?”

“Mo fẹ́ la ẹnu ni bàálù yí.”

“Ẹ dúpẹ́. Bàálù yín ló gbà yín.”

Ọ̀gá kò sọ̀rọ̀ ẹrù mọ́. Láti ọjọ́ náà, bí bàálù bá ń balẹ̀, a kì í pe ẹnikẹ́ni lórúkọ ní pápá, ọwọ́ la fi ń júwe. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ gbogbo ẹni tó gba iṣẹ́ iná lẹ́yìn mi.

Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé, igbó sì ti gba pápá. Láìpẹ́ yìí, mo gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Omífunfun. Oòrùn wà ní àtàrí, ewé kan kò mì. Ẹnìkan pè mí látinú igbó: “Àbẹ̀kẹ́!”

Oríkì mi ni, ṣùgbọ́n kò sí alààyè tó mọ̀ mí sí Àbẹ̀kẹ́ mọ́. Mo mọ ohùn náà dáadáa.

Mo pa ẹnu dé, mo sì ń lọ.