Níbi Tí Èṣù Ń Dúró Sí

Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí Ìyá Onígègé ti ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan. Gègé ìkọ̀wé ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ o, kì í ṣe gẹ̀gẹ̀ ọrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló máa ń kọ́kọ́ yọ́ ọrùn rẹ̀ wò. Òun nìkan ló mọ̀wé díẹ̀ nínú àwọn obìnrin ibẹ̀, ni ọ̀gá àtijọ́ bá gbé ìwé ẹ̀ṣẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹni tí iná bá jó, ẹni tó bá ṣubú, orúkọ rẹ̀ á wọbẹ̀. Bí orúkọ bá wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí olúwarẹ̀ palẹ̀ ẹrù mọ́ ni.

Ìwé yẹn ti sú u. Ó sú u ju aṣọ lọ, torí aṣọ tilẹ̀ máa ń tán bó bá dìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yìn ń ro ó, ẹsẹ̀ ń wú, ìyẹn ṣì kéré. Èyí tó ń dùn ún ni pé bó bá ti fa gègé yọ báyìí, gbogbo ilé á dákẹ́ bí ẹni pé ejò wọlé.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì máa ń sọ: "Iṣẹ́ èṣù ni, ẹ jọ̀ọ́." Òun náà á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: orúkọ, ọjọ́, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ èṣù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, igbe ta lẹ́yìn ẹ̀rọ kẹta. Ìyá Ìbejì ni, ìyàwó àbúrò Ìyá Onígègé, ẹni tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló mú un wọṣẹ́. Kí wọ́n tó débẹ̀, irin gbígbóná ti bó o lápá. Nọ́ọ̀sì wé apá náà tán, ni Ìyá Ìbejì bá lọ kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

"Ìyá ọkọ mi, ẹ má kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta mi rèé. Iṣẹ́ èṣù ni!"

"Dìde ńlẹ̀. Èṣù, èṣù! Èṣù yìí ò níbòmíì tó ń lọ ni? Ṣé òun náà ń gbowó oṣù níbí ni?"

"Tó bá ń gbà á, tiẹ̀ á ju tiwa lọ," ni Abẹ́rẹ́ wí, obìnrin tó ń rán aṣọ tó ya. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò dénú.

Ìyá Onígègé mú gègé dání títí. Bó bá kọ ọ́, ojú wo ni yóò fi wo àbúrò rẹ̀? Bí kò bá kọ ọ́, gbogbo àwọn tí òun ti kọ orúkọ wọn ńkọ́? Ó kọ ọ́. Ó gbé ìwé lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tuntun, ẹni tí kò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lórí àga.

Orúkọ nìkan ni ọ̀gá àtijọ́ máa ń kà. Èyí ní, "Ẹ jókòó, mà," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà á láti ojú ewé àkọ́kọ́. Ó kà á títí oorun fi fẹ́ẹ̀ gbé Ìyá Onígègé lọ lórí àga, àárẹ̀ ṣá.

"Mà, níbo ni èṣù yìí máa ń dúró sí?"

Ìyá Onígègé rò pé ọ̀gá ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀ ni. "Sà?"

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́. Èèyàn mọ́kànlélógún ló fara pa. Mẹ́rìnlá nínú wọn, ẹ̀yìn ẹ̀rọ kẹta ni. Kí ló wà níbẹ̀?"

Ìyá Onígègé ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Àpá iná kan wà níbẹ̀, ó gùn tó ìka.

"Ọdún kẹsàn-án rèé, sà. Páìpù ń jò níbẹ̀, ilẹ̀ kì í gbẹ. Bí ọmọlanke aṣọ bá ń kọjá, ààyè ò sí, èèyàn á sún sẹ́yìn, ẹsẹ̀ á yọ̀, ọwọ́ á wá nǹkan dì mú. Irin gbígbóná nìkan ló wà níbẹ̀ láti dì mú."

"Ẹ ò wá kọ tiyín sínú ìwé?"

"Èmi ni mo mú gègé lọ́wọ́, sà."

Ọ̀gá ò bú u. Ì bá tilẹ̀ sàn kó bú u. Ó ní, "Ìyá Ìbejì ò níbi tó ń lọ. Kó lọ tọ́jú apá rẹ̀, kó padà wá. Ẹ̀rọ kẹta la máa pa lónìí. Láti òní lọ, ẹ má kọ orúkọ ẹnì kankan mọ́. Ẹ kọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀."

Wọ́n tún páìpù ṣe, wọ́n yí ọ̀nà ọmọlanke sí ògiri kejì, wọ́n fi àwọ̀n irin dí iwájú ibi gbígbóná. Abẹ́rẹ́ ní èṣù ti kó lọ, kò rí ibi dúró sí mọ́. Síbẹ̀, bí abẹ́rẹ́ bá gún òun gan-an, abẹ́ aṣọ ló ṣì ń kọ́kọ́ fi ìka pamọ́ sí. Ìbẹ̀rù ọjọ́ pípẹ́ kì í tètè lọ.

Ṣùgbọ́n èèyàn márùn-ún ni ibẹ̀ yẹn ti lé lọ sílé kí wọ́n tó tún un ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ń ta òòyà àti òwú lójú ọ̀nà tí Ìyá Onígègé ń gbà re ilé. Láti ọdún mẹ́fà ló ti máa ń sọdá sí òdìkejì bó bá ti rí obìnrin náà lókèèrè. Lọ́jọ́ tí Ìyá Ìbejì padà síbi iṣẹ́, ẹsẹ̀ Ìyá Onígègé ò gbé e sọdá mọ́.

Ó dúró. "Páìpù ni," ló wí. "Kì í ṣe ìwọ."

Obìnrin náà ò tilẹ̀ gbójú sókè lára òwú tó ń ká. "Mo mọ̀. Mo sọ fún ọ nígbà náà pé omi wà nílẹ̀. O ní kí n sọ èyí tí wọ́n á gbà."

Lóòótọ́, Ìyá Onígègé ló sọ bẹ́ẹ̀.

Obìnrin náà sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. "Jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ ti wú."

Ó jókòó.