Ọkọ̀ Orí Yìnyín Rúká àti Alùpùpù Ìyá Mi

Agogo mẹ́ta ọ̀sán kọjá ogún ìṣẹ́jú ni, lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án. Èmi, Rúká ọmọ mi, àti Làmídì ọ̀rẹ́ mi tó ń wa bọ́ọ̀sì, ni a wà nínú Werkstatt, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì mi, ní Jenfeld nígbà tí Rúká fa okùn ẹ́ńjìnnì, tí èéfín sì sọ. Èéfín bẹntiróòlù tí wọ́n po òróró mọ́ ni. Àwọn ọkọ̀ tí mo ń tún ṣe nílùú Hamburg kì í mu irú epo bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀ kẹ́yìn. Mo dúró pẹ̀lú sípáná lọ́wọ́ mi. Fún ìgbà díẹ̀, mi ò sí ní Jenfeld mọ́.

Ọkọ̀ tó ń rú èéfín náà kò ní táyà. Ohun méjì gígùn bíi pátákó ló wà níwájú rẹ̀, rọ́bà fífẹ̀ kan sì ń yí lábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Orí yìnyín ni wọ́n ń gùn ún. Nọ́ọ̀sì ni Rúká. Ìlú Berlin ló ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ní Neukölln, kó tó lọ sí òkè àríwá Norway lọ́dún tó kọjá. Tí yìnyín bá bo ọ̀nà níbẹ̀, ọkọ̀ yìí ló fi ń lọ bá àwọn aláìsàn nílé wọn. Ó rà á lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan. Nígbà tó gba ìsinmi, ó gbé e sórí Anhänger, kẹ̀kẹ́ ẹrù tí mọ́tò rẹ̀ ń fà lẹ́yìn, ó bá Fähre, ọkọ̀ ojú omi, wọ Kiel, ó sì fà á wá bá mi.

Ó ní tí òun bá ti jáwọ́ níbi iná, ìyẹn ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, ńṣe ni ẹ́ńjìnnì máa ń fa ọkọ̀ náà sẹ́yìn lójijì, imú rẹ̀ á kì mọ́lẹ̀, òun á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fò kọjá lórí ọwọ́ rẹ̀. Tí òun bá sì fẹ́ yà ní kọ́nà, kì í tètè gbọ́.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ọ̀la ni mò ń padà."

Mo ti pinnu láti bẹ̀ ẹ́ pé kó má padà. Ìyá rẹ̀ ti kú, òun nìkan sì ni ọmọ tí a bí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. Èéfín yẹn ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀dọ́ lónìí lè má mọ irú agbo ilé tí mo dàgbà sí. Ìsàlẹ̀ òkè olókùúta kan ló wà, nítòsí Ṣakí. Igi emi ńlá kan wà láàárín agbo ilé náà, abẹ́ rẹ̀ ni bàbá mi ti ń tún alùpùpù ṣe. Òróró ti mu ilẹ̀ ibẹ̀ yó débi pé gbogbo adìyẹ wa ló ní ẹsẹ̀ dúdú. Àwọn ará àdúgbò kì í sì í jà lórí adìyẹ, torí pé ẹsẹ̀ tiwa ń jẹ́rìí. Iṣẹ́ abẹ́ igi yẹn dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pẹ́ kí n tó wọ ilé ìwé. Nígbà tí mo wọ kíláàsì kìíní, orúnkún mi kò gba abẹ́ tábìlì mọ́, tíṣà sì máa ń rán mi lọ tún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe.

Agbẹ̀bí ìjọba ni ìyá mi. Wọ́n fún un ní alùpùpù aláwọ̀ ewé kan tó fi ń lọ sáwọn abúlé tó wà lẹ́yìn òkè. Àwọn obìnrin kì í sábà gun irú rẹ̀ nígbà náà. Àwọn àgbà máa ń yà bá bàbá mi, wọ́n á jókòó, wọ́n á kí i, wọ́n á sì béèrè bóyá ó dáa kí ìyàwó ilé máa ya ẹsẹ̀ lórí irin. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Ó mọ̀ ọ́n gùn," ni gbogbo ohun tó máa ń sọ, á sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà òjò kan, ìyá mi ní alùpùpù náà ń yọ òun lẹ́nu. Tí òun bá ń sọ̀ kalẹ̀ lókè tí òun sì jáwọ́ níbi iná, ńṣe ló ń fa òun bíi pé ẹnì kan di òun láṣọ mú lẹ́yìn. Bàbá mi gbé súlọ̀ rẹ̀ sókè, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mí nígbà tí èèyàn kò fún un níná. Ó tún fún sípíríǹgì ẹ̀yìn le. Ó wá gùn ún lọ sórí òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ rántí pé èèyàn ńlá ni bàbá mi. Tó bá jókòó lórí àga, àga á dáhùn.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi ṣubú ní kọ́nà olókùúta. Sípíríǹgì tó gba bàbá mi dáadáa le jù lábẹ́ ìyá mi tó fúyẹ́. Ńṣe ni alùpùpù náà ń ta bí ewúrẹ́. Súlọ̀ náà ti ga jù, ọkọ̀ kò sì dúró nígbà tó jáwọ́. Apá rẹ̀ bó, ìgò tó wà nínú àpótí rẹ̀ fọ́. Ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ aboyún tó ń lọ gbẹ̀bí rẹ̀, tìyá tọmọ sì yè. Ìrọ̀lẹ́ ló ti alùpùpù náà wálé. Ó jókòó, ó ní kí wọ́n fún òun lómi.

"Bàbá Sìkírà," ló wí, Sìkírà ni ẹ̀gbọ́n mi, "ara yín lẹ ṣe é fún. Èmi ni mò ń gùn ún."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn àgbà tún dé. "Ṣé o ti wá rí i báyìí? Gbà á lọ́wọ́ ẹ̀." Bàbá mi kó irinṣẹ́ rẹ̀ wọlé. Gbogbo àwa ọmọ rò pé á gbà á.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gbé alùpùpù náà jáde sábẹ́ igi emi. Ó ní kí ìyá mi wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, kó wọ bàtà rẹ̀, kó kó nǹkan kún àpótí, kó sì jókòó sórí rẹ̀. Bàbá mi kúnlẹ̀ nídìí sípíríǹgì.

"Ṣé ó le?"

"Ó ṣì le."

"Báyìí ńkọ́?"

Àwọn tó ń kọjá ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá Agbẹ̀bí, ibo lẹ̀ ń lọ tẹ́ ẹ ò kúrò lójú kan?"

"Mẹ́kà ni mò ń lọ," ni ìyá mi dáhùn, kò sì wo ẹ̀yìn.

Nígbà tí bàbá mi dé orí súlọ̀, ìyá mi ní kó rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, kó sì fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú fífà ẹ́ńjìnnì náà tí yóò máa di òun mú tí òun bá ń sọ̀.

Látìgbà náà, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ àti bí ọyẹ́ bá ti dé, ìyá mi á jókòó báyẹn, bàbá mi á kúnlẹ̀. Tí ìyá mi bá sì ti sọ̀ dé ìsàlẹ̀ òkè láyọ̀, á tẹ họ́ọ̀nù. Títí bàbá mi á fi gbọ́ ọ, ìdúró ló máa ń wà, irinṣẹ́ lọ́wọ́.

Mo tú ọkọ̀ Rúká. Eruku bẹ́líìtì ti kún inú àwo irin tó máa ń di bẹ́líìtì náà mú, kì í tètè jáwọ́ mọ́. Rọ́bà tó ń yí lábẹ́ náà sì fún jù. Mo fọ ọ̀kan, mo dẹ ìkejì. Rúká ń ka ìwọ̀n tó yẹ fún mi lórí fóònù rẹ̀. Mo tún àwọn pátákó iwájú tò kí wọ́n lè jọ kọjú síbì kan. Lẹ́yìn náà ni mo ní kó lọ wọ aṣọ òtútù rẹ̀.

"Dádì, ooru ń mú."

"Wọ̀ ọ́. Bàtà náà. Gbé báàgì oògùn rẹ kọ́ ẹ̀yìn."

Ó jókòó sórí rẹ̀ nínú ọgbà, ó ń làágùn. Mo kúnlẹ̀. Làmídì fara ti ilẹ̀kùn. "Nọ́ọ̀sì, tíkẹ́ẹ̀tì yín dà? Bọ́ọ̀sì yìí ò ní í lọ." Ọmọdébìnrin kan láti inú àwọn ilé gíga dúró wò wá. "Und wo ist der Schnee?" ló bi wá, pé yìnyín náà dà. Rúká dá a lóhùn pé yìnyín ń bọ̀.

Mo bi í bóyá sípíríǹgì ọkọ̀ náà le. Ó ní díẹ̀. Mo dẹ̀ ẹ́. Mo bi í bóyá ó fẹ́ kí n ṣe é kí ẹ́ńjìnnì má fà á rárá mọ́.

"Rárá, Dádì. Òkè pọ̀ níbẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀."

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ti parí. Ọ̀rọ̀ tí mo tò sẹ́nu láti àárọ̀, mi ò rí i mọ́.

Wọ́n ti gé igi emi yẹn. Òpó fóònù ló wà níbẹ̀ báyìí, mo gbọ́ pé ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣì dúdú. Àwọn obìnrin ń gun alùpùpù ní Ṣakí, kò sì sẹ́ni tó ń yà bá ọkọ wọn jókòó nítorí ẹ̀. Ìyá mi kò sí mọ́, bàbá mi náà kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kù sílé, bíi tèmi báyìí, ṣì ń tẹ́tí.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Sọ́ńdè, àwọn ṣọ́ọ̀bù ìlú kò ṣí. Mo jí ní kùtùkùtù, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Altona, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù àlòkù. Mo ra họ́ọ̀nù kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan tó ní rọ́bà róbótó lẹ́yìn. Mo dè é mọ́ ọwọ́ ọkọ̀ Rúká kó tó gbéra.

"Ta ni màá tẹ̀ ẹ́ fún níbẹ̀, Dádì? Ìgalà?"

Mo sọ ti ìyá mi fún un, ní ṣókí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wọ mọ́tò, ó fa Anhänger rẹ̀ lọ.

Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, sípáná lọ́wọ́. Ní kọ́nà òpin òpópónà, mọ́tò náà dúró. Rúká sọ̀ kalẹ̀, ó rìn lọ sẹ́yìn, ó sì tẹ họ́ọ̀nù náà. Ajá kan gbó, ẹnì kan ṣí fèrèsé.

Mo padà sínú Werkstatt, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ mi.