Ẹni Tó Ń Bá Ọ̀bọ Nájà

Ọ̀bọ kan já awò ojú gbà lójú ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì gbé e gun orí òrùlé yàrá tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ránṣẹ́ sí Bàbá Ẹ̀pà-Kan. Ó rọra dé, ó mú ẹ̀pà kan ṣoṣo jáde nínú àpò, ó nà án sókè. Ọ̀bọ wò ó, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀gá ilé-ìwé, tí gbogbo ènìyàn ti di èéfín lójú rẹ̀, ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fún un ní gbogbo ẹ̀pà tó wà lọ́wọ́. Bàbá ní kó má bá òun ba ọjà jẹ́. Ó jókòó. Wákàtí kan ààbọ̀ ni òun àti ọ̀bọ fi wo ara wọn, kí ọ̀bọ tó sọ̀ kalẹ̀, kó gba ẹ̀pà kan, kó fi awò sílẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé nu awò rẹ̀, ó fi í sójú. Ohun tó kọ́kọ́ rí kedere ni ẹ̀yìn ọkọ̀ tó yẹ kó gbé e lọ sílé.

Ọgbà igbó tí ìjọba ṣí sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ wo igi àti ẹranko ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni ọ̀nà ibẹ̀ ṣeé rìn, nítorí náà oṣù mẹ́ta péré lọ́dún ni wọ́n ń gba àwọn òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́. Àwọn kan ń ro ọ̀nà, àwọn kan ń mú àlejò rìn. Iṣẹ́ ti Bàbá ni kó gba ohun tí ọ̀bọ bá jí padà.

Ṣùgbọ́n kò gbà pé wọ́n ń jalè. "Olè máa ń sá," ló máa ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tuntun. "Èyí jókòó, ó ń dúró de oníbàárà." Ì báà jẹ́ fìlà, ì báà jẹ́ kọ́kọ́rọ́, ì báà jẹ́ fóònù, ẹ̀pà kan ni. Lọ́dún kan, ọkọ ìyàwó kan da odidi àpò ẹ̀pà sílẹ̀ fún wọn nítorí ìborùn ìyàwó rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n ti kó ẹrù mọ́kànlá, títí kan ọṣẹ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni Bàbá kò fi bá aṣọ́nà tó wo ọkọ ìyàwó náà níran sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ní kó lọ bá àwọn ọ̀bọ ṣàlàyé ìdí tí ọjà fi gbówó lórí.

Ọgbọ̀n ọdún ló fi ta àgádágodo kó tó dé ọgbà. Ìyàwó rẹ̀ kú, ṣọ́ọ̀bù náà kógbá wọlé, ó wá ń gbé yàrá ẹ̀yìnkùlé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọmọ náà ní bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnu bàbá òun á tì bí ọjà tó ń tà tẹ́lẹ̀. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan kó má sọ ju "o ṣé, ọmọ mi" lọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá a nájà lórí iye iyọ̀ tó máa bọ́ sínú ọbẹ̀.

Ní ọdún kẹwàá tí Bàbá ti ń ṣe iṣẹ́ náà, ọ̀gá tuntun dé sí ọgbà, obìnrin kan tó mọ ìwé òfin lórí. Ó pe Bàbá, ó fi sùúrù ṣàlàyé pé òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fún ẹranko lóúnjẹ. Nítorí náà, kò ní sí lẹ́tà iṣẹ́ fún un lọ́dún yìí.

"Ẹ̀pà kan ni, ọ̀gá."

"Bàbá, ẹ̀pà kan náà, oúnjẹ ni."

"Ìdajì ńkọ́?"

"Bàbá."

"Ẹ jẹ́ ká fi sí èèpo."

Ọ̀gá fọwọ́ bo ẹnu, bóyá ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yí padà. Bàbá dúpẹ́, ó jáde. Kò lọ sílé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ bí òun ṣe máa sọ fún ọmọ òun pé òjò ọdún yìí kò ní dá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ọ̀bọ kan gba ojú fèrèsé wọ ọ́fíìsì, ó gbé òǹtẹ̀ tí ọ̀gá fẹ́ fi lu lẹ́tà àwọn òṣìṣẹ́ méjìlá yòókù. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bú u. Ó ń gun òkè sí i, ó ń lá yíǹkì, ètè rẹ̀ ti dúdú bí aró. Nígbà tó sú wọn, ọ̀gá rìn lọ síbi bẹ́ǹṣì.

"Ẹ̀pà ńkọ́?" ni Bàbá béèrè.

"Òfin ò tíì yí padà, Bàbá."

"Ó dáa."

Ó lọ dúró lábẹ́ igi. Ó wo òǹtẹ̀ náà bí ẹni ń wo aṣọ tí wọ́n pè ní owó gọbọi. Ó pòṣé, ó ní, "Kò tó bẹ́ẹ̀." Ó wá kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó di ẹ̀ṣẹ́ bí ẹni tó fi nǹkan pamọ́ sínú rẹ̀, ó sì ń lọ. Gbogbo ẹni tó ti nájà rí mọ ìrìn yẹn: ẹsẹ̀ ń lọ, etí dúró. Ní ìṣísẹ̀ kẹta, ọ̀bọ sọ̀ kalẹ̀. Ní ìkẹwàá, ó ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fẹ́ tú ọwọ́ rẹ̀ wò. Ọwọ́ méjì ni iṣẹ́ yẹn gbà, ló bá gbé òǹtẹ̀ sílẹ̀. Bàbá fi gìgísẹ̀ tẹ òǹtẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Ọ̀bọ tú ọwọ́ òsì, òfo. Ó tú ọ̀tún, òfo. Ó gbójú sókè wo Bàbá, ó sì rọ̀jò èébú lé e lórí ní èdè tirẹ̀.

Gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń tajà, òun kò rẹ́ ọlọ́jà ẹlẹgbẹ́ òun jẹ rí.

Lẹ́tà mẹ́tàlá ni ọ̀gá fi òǹtẹ̀ lù lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn, agolo kékeré tó ní òkúta wẹ́wẹ́ nínú ni Bàbá fi ń nájà. Àwọn ọ̀bọ á gbọ̀n ọ́n títí á fi sú wọn, wọ́n á sọ ọ́ nù, Bàbá á lọ ṣà á. Òfin kò sọ nǹkan kan nípa agolo.

Ọdún mẹ́ta ló tún fi ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà òjò tó kọjá, àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Àràárọ̀ ló ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mélòó ló kù kí ẹ̀ẹ̀rùn dé. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà sọ pé mẹ́jọ, ó ní kó jẹ́ kó di mẹ́fà. Márùn-ún ló kù nígbà tó kú.

Ọ̀gá wá kí ọmọ náà nílé. Lẹ́yìn tó bá a kẹ́dùn, ó yọ lẹ́tà iṣẹ́ kan nínú àpò rẹ̀.

"Mo ti kọ ọ́ kí n tó gbọ́," ló wí. "Mi ò mọ ẹlòmíì tí mo lè fún."

Ní gbogbo àwọn ọdún tó ti kọjá, agbálẹ̀ ni lẹ́tà máa ń pe Bàbá, nítorí kò sí orúkọ fún iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìwé ìjọba. Èyí pè é ní alárinà. Ọmọ náà ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ dúpẹ́ pé kò rí i," ló wí. "Ká ní ó rí orúkọ yìí ni, á ní oṣù mẹ́ta kéré fún un. Á ní kí ẹ sọ ọ́ di mẹ́rin."

"Ẹ wo ìsàlẹ̀."

Oṣù mẹ́rin ni ọ̀gá kọ síbẹ̀.

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, títí ọ̀gá fi ní láti sún mọ́ ọn kó dì í mú.