Bàbá Táǹkì

Ẹ má fi Hámzàt ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àwa tá a jọ gbé ládùúgbò nìkan la láṣẹ ẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí òun sí, ní Kàkúrì, nítòsí ilé iṣẹ́ aṣọ kan tó ti kógbá wọlé tipẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ló fi gun aṣábà, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀kadà lọ́dọ̀ wa. Láti Kàkúrì títí dé Kawo, kò sí kòtò tí kò mọ̀. Ó gbé ìyá arúgbó, ó gbé aboyún, ó gbé àgbò iléyá tó ń janpata lẹ́yìn rẹ̀ dé ilé oníǹkan. Ọlọ́run sì kó o yọ, kò dá ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Bí eré bí àwàdà, lọ́dún 2014, ìjọba ní àwọn ò fẹ́ rí aṣábà mọ́. Hámzàt ta máṣíìnì rẹ̀ fún àgbẹ̀ kan, ó sì padà sílé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kejì tó gbàgbé sínú àpò. Ó ṣe ọlọ́dẹ, ó ru búlọ́ọ̀kù, ó wa kẹ̀kẹ́ Márúwá kan tí ẹni tó ni ín gbà padà kí ọdún tó yípo. Gbogbo ìgbà yẹn, máṣíìnì ìránṣọ ìyàwó rẹ̀, Amudat, ló ń bọ́ ilé. Aṣọ ilé-ìwé ló máa ń rán, àtàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Fún ọdún mẹ́sàn-án, obìnrin yìí kò fi ọ̀rọ̀ náà gún ọkọ rẹ̀ lára lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀yin obìnrin tó ń ka èyí, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n mélòó nínú yín ló lè ṣe é?

Levi ni Ọlọ́run wá lò. Ará Kàfánchán ni Levi, ọkùnrin gìrìpá kan tí kò tíì pé ogójì ọdún. Ó gba ilẹ̀ igbó kan lẹ́yìn àdúgbò Nàsáráwá nítòsí wa, ó ní òun fẹ́ sọ ọ́ di pápá tí àwọn èèyàn á ti máa gun máṣíìnì inú igbó fún ìgbádùn. Nígbà tó ṣàlàyé rẹ̀ fún Hámzàt, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

“Wọ́n á sanwó kí wọ́n lè gun máṣíìnì wọ inú kòtò? Kòtò tí mo fi ọdún mọ́kàndínlógún yà fún? Haba!”

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́. Ó gbé ọkọ́ àti àdá, ó sì la ọ̀nà náà fúnra rẹ̀: èyí tó yí àpáta ká, èyí tó gun òkè, àti èyí tó sọ̀ kalẹ̀ sínú odò gbígbẹ kan tí yanrìn rẹ̀ ń mu ẹsẹ̀ dé ọrùn-ẹsẹ̀. Iṣẹ́ náà wù ú ṣe. Tó bá délé pẹ̀lú ọwọ́ tó bó, Alhamdulillah ló máa ń ṣe.

Lọ́jọ́ kan, Levi wò ó títí, ó ní, “Baba, ìwọ lo la ọ̀nà yìí, o mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ṣé o ò ní máa ṣíwájú àwọn àlejò?” Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni ẹnì kan gbọ́dọ̀ gun máṣíìnì níwájú kí àwọn tó kù má baà ṣìnà. Inú Hámzàt dùn débi pé kò lè jẹun ọ̀sán. Òun náà tún máa gun máṣíìnì!

Ó dé orí máṣíìnì, ọ̀rọ̀ wá di ẹ̀rín. Èyí tí wọ́n ń gùn níbẹ̀ ga, kò ní iná, kò sì ní ibi tí èrò lè jókòó sí. Orí ìdúró ni wọ́n ti ń gùn ún: o máa tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ irin ìtẹsẹ̀, o máa tẹ orúnkún, o máa ti ìdí sẹ́yìn kí táyà iwájú lè fúyẹ́. Hámzàt tiwa gùn ún, ó sún síwájú, ó sì gúnwà sórí táǹkì epo bí ọba. Levi ń pariwo lédè Haúsá pé, “Baba, tashi! Dìde dúró!” Á dìde, kò ní pẹ́ kò ní jìnnà, á tún ti bá ara rẹ̀ lórí táǹkì. Bó bá ti dé inú yanrìn, gbogbo ara rẹ̀ á tẹ táyà iwájú rì, máṣíìnì á sì jù ú síwájú bí ẹni da omi nù. Á dìde, á máa tu yanrìn lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ n tiẹ̀ sọ èyí tó burú jù. Lọ́jọ́ kan tó ń dánra wò, ó pàdé obìnrin kan tó ru igi ìdáná. Kí ni Hámzàt ṣe? Ó rọra dẹ eré, ó fẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, ó ní, “Hajiya, níbo lẹ̀ ń lọ?” Láàárín igbó! Àwọn ọmọ iṣẹ́ Levi tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Táǹkì.

Levi ò rẹ́rìn-ín. Àwọn àlejò méjìlá ń bọ̀ láti Àbújá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, àwọn tó mọ máṣíìnì í gùn. Ó pe Hámzàt sábẹ́ igi, ó ní, “Baba, bí ọjọ́ yẹn bá pé tó ò tíì lè kọjá yanrìn lórí ìdúró, màá pe ẹlòmíì láti Jọ́ọ̀s. Mi ò lé ẹ o. Ọkọ́ rẹ ṣì wà níbẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ ọkọ́ yẹn ló dun Hámzàt wọ eegun. Kì í ṣe pé ó kórìíra ọkọ́. Ṣùgbọ́n kí èèyàn di ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, kó máa gbọ́ dídún máṣíìnì lójoojúmọ́, kó sì jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń gùn ún lórí ọ̀nà tí òun fọwọ́ ara òun là!

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé búlọ́ọ̀kù méjì sí àgbàlá, ó gun orí wọn, ó di ọmọ odó mú níbùú níwájú bí ọwọ́ máṣíìnì, ó sì tẹ orúnkún. Àwọn ọmọdé inú ilé kóra jọ, wọ́n ń wo eré ọ̀fẹ́. Bó bá ti gbàgbé díẹ̀, ìdí rẹ̀ á máa fà síwájú, á sún, á sún, gbìì! Ó ti ṣubú kúrò lórí búlọ́ọ̀kù. Báyìí ló ṣe é fún ọjọ́ mẹ́rin. Amudat wà lójú fèrèsé, ó ń rán aṣọ, ojú rẹ̀ wà lára ọkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì ìránṣọ. Ó ní, “Bàbá Hameedat, ẹ jọ̀ọ́, ta ló jókòó sẹ́yìn yín?”

“Ẹ̀yìn mi báwo? Kò sẹ́nì kankan.”

“Ta wá lẹ̀ ń sún síwájú fún?”

Hámzàt bojú wẹ̀yìn wò. Ó dúró lórí búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún! Èrò méjì lẹ́yìn, nígbà míì mẹ́ta. Bí oníaṣábà ò bá jókòó sórí táǹkì, níbo lèrò fẹ́ gbé ìdí sí? Ara rẹ̀ ti kọ́ ọ, kò sì tíì gbàgbé. Levi fi oṣù kan pariwo, Levi ò mọ̀, torí Levi ò gbé èrò rí láyé. Amudat ló mọ̀, ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tó fẹ́ bí Hameedat.

“Èrò yín ti sọ̀ kalẹ̀ tipẹ́,” Amudat sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. “Gbogbo wa la ti dé ibi tá à ń lọ. Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ gba àyè yín.”

Hámzàt jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó sunkún. Mi ò ní bá a fi pamọ́. Látọjọ́ náà, bó bá ti ń sún síwájú lágbàálá, Amudat á kàn kígbe láti ojú fèrèsé pé, “Èrò ti bọ́ sílẹ̀ o!” Ìdí ọkùnrin yìí á sì padà sẹ́yìn. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Ọjọ́ Sátidé pé. Àwọn ará Àbújá kó máṣíìnì wọn wá lórí ọkọ̀, wọ́n wọ bàtà tó dé orúnkún, wọ́n dé akoto tó ń dán. Hámzàt wà níwájú wọn. Ó yí àpáta ká, ó gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí odò. Ó rí yanrìn náà. Ó ní, “Bismillah,” ó dìde dúró, ó sì fún un níná. Máṣíìnì ń jà lábẹ́ rẹ̀ bí òbúkọ tí wọ́n dì mú. Ó mọ̀ ọ́n lára pé ìdí òun fẹ́ máa lọ síwájú. Ó sọ ọ́ síta pé, “Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn mi,” ó tì í padà, kò wolẹ̀, òkè odò lọ́hùn-ún ló ń wò. Kó tó mọ̀, táyà ti mú ilẹ̀ líle, ó ti gòkè.

Ó dúró, ó bojú wẹ̀yìn. Nínú àwọn méjìlá, méje ló ti na gbalaja sínú yanrìn pẹ̀lú akoto olówó iyebíye wọn. Hámzàt rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ n má parọ́, ó rẹ́rìn-ín dáadáa kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé wọn dìde. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Baba, báwo lẹ ṣe ṣe é?” Ó ní kó béèrè lọ́wọ́ ìyàwó òun. Levi, tó ti dúró dè wọ́n lókè odò, bọ́ ẹ̀wù yẹ́lò tí aṣíwájú máa ń wọ̀ kúrò lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi wọ Hámzàt, ó dúpẹ́ lédè Haúsá pé, “Na gode, Baba.” Ibẹ̀ náà ló ti pe ẹni Jọ́ọ̀s lórí fóònù pé kó má yọnu mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni Hámzàt wọlé, eruku pupa kún ìpéǹpéjú. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà wa tó kọjú sí tiwọn, mò ń fi búútà ṣe àlùwàlá. Amudat dìde nídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀.

“Ṣé ẹ gùn ún?”

“Mo gùn ún.”

“Lórí ìdúró?”

“Lórí ìdúró, títí dé òdìkejì.”

Obìnrin náà gbọ́wọ́ sókè, ó ń ṣe Alhamdulillah. Kó tó sọ ọ́ tán, ọkọ rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, tòun tẹ̀wù yẹ́lò, àyà kan ilẹ̀. Ariwo ta! Àwọn ará ilé yọjú.

“Yéè! Ẹ gbà mí o! Bàbá Hameedat, ẹ fẹ́ kí àwọn èèyàn yín máa wí pé mo ti sọ yín di nǹkan mìíràn ni? Ta ló ń dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó?” Ó dì í lápá, ó fà á, kò lè gbé e.

“Jẹ́ n ṣe é tán,” Hámzàt sọ ọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀. “Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Amudat, ọdún mẹ́sàn-án lọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́fun mi. O ṣé. O ṣé. O ṣeun.”

Nígbà tí Amudat rí i pé òun ò lè gbé e, òun náà kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní àfi kí ọkọ òun kọ́kọ́ dìde. Hámzàt ní àfi kí ìyàwó òun kọ́kọ́ dìde. Ìrun Màgàríbù bá wọn níbẹ̀, wọn ò tíì yanjú ẹ̀.